Ìdánwò Ẹ̀bùn àti Yíyan Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó dánú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Olúpọ̀nnà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ti ń wọlé, òwe yìí ni yóò wá sí i lọ́kàn. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Irú ìwé kan náà ni ó wà nínú àpò wọn. Agogo kan náà ni ó ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ni iṣẹ́ ìṣègùn yóò yẹ? Ta ni irin yóò máa gbọ́ràn sí lọ́wọ́? Ta ni ahọ́n rẹ̀ yóò gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù? Ojú lásán kò lè sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń bọ̀, kò sì jìnnà, tí olúkúlùkù wọn yóò ní láti yan ọ̀nà kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a ó bi í bóyá ẹ̀ka sáyẹ́ńsì ni yóò lọ, tàbí ti ìmọ̀ èdè àti ìtàn, tàbí ti òwò. Ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní àkókò náà. Ìdáhùn tí ọmọ bá fúnni ní ọjọ́ yẹn lè ṣí ilẹ̀kùn kan, kí ó sì ti òmíràn. Ẹni tí kò bá ka Físíìsì, Kẹ́místìrì àti Bàọ́lọ́jì kò lè wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì. Ẹni tí ó sì kẹ́yìn sí Lítíréṣọ̀ yóò rí ìṣòro bí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò lẹ́yìn ọ̀la. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a bèèrè pé: báwo ni ọ̀dọ́ ṣe lè mọ iṣẹ́ tí ó yẹ òun? Ǹjẹ́ ìdánwò kan wà tí ó lè fi í hàn án? Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kì í ṣe òní ni ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bí a bá bí ọmọ tuntun, kò ní pẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ yóò fi tọ babaláwo lọ láti gbọ́ àkọsẹ̀jayé rẹ̀. Wọn a fẹ́ mọ irú ọmọ tí ó jẹ́, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, àti iṣẹ́ tí yóò gbè é. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé orí olúkúlùkù ti yan ìpín tirẹ̀ kí ó tó dé ayé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Olúpọ̀nnà ni ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, wọn kì í sì í gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ìgbà náà ń bèèrè ni àwa náà ń bèèrè: irú ọmọ wo nìyí, kí ni yóò sì ṣe láyé?

Lẹ́yìn àkọsẹ̀jayé, ìdílé ni ó máa ń sọ iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ onílù a máa jẹ́ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn. Ọmọ ọdẹ a máa jẹ́ orúkọ tí Ọdẹ ṣáájú. Ti ọmọ oníṣẹ́ ọnà a sì máa ní Ọnà nínú. Kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni orúkọ rẹ̀ ti ń pe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn àgbà di ojú wọn. Bàbá alágbẹ̀dẹ a máa wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Ó mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó mọ èyí tí kò ní sùúrù, ó sì mọ èyí tí ó ń tòògbé nídìí ẹwìrì ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ a là bí ó bá ti gbúròó ọjà. Èyí tí ọjà ń fà, a lè ní kí ó máa ru ọkọ́ àti àdá lọ tà. Ìdánwò ni èyí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é, ojú ni wọ́n sì fi ń gba máàkì rẹ̀.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìwé dé, tí iṣẹ́ ìjọba, ti ilé ìwòsàn, ti ọkọ̀ ojú irin àti ti ilé ìfowópamọ́ sì ń pọ̀ sí i, ọgbọ́n àtijọ́ yìí kò tó mọ́. Kò sí agbo ilé kan ní Olúpọ̀nnà tí a ti lè wí pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n ń ṣe láti ayé bàbá ńlá wọn. Àgbẹ̀ tí ó mọ àmọ̀dájú bí a ti ń dá ọmọ tí ó lè kọ ebè mọ̀, kò lè sọ èyí tí ó lè di apòògùn, nítorí kò rí ibi tí a ti ń po oògùn òyìnbó rí. Ní ibi tí ojú àwọn òbí kò ti tó mọ́, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun mìíràn tí a lè fi wòran.

Ní 1905, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan tí ó di ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí a ó ti mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún, kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet fúnra rẹ̀ kò gbà pé òye ọmọ dà bí òkúta tí kò lè dàgbà. Ní 1909 ó kọ̀wé tako àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ní bí a bá kọ́ ọmọ dáadáa, òye rẹ̀ yóò lé kan sí i.

Ní 1908, ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Parsons ṣí ọ́fíìsì kan tí àwọn ọ̀dọ́ lè wá gba ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi kú ní ọdún náà gan-an, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ jáde ní 1909, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wúlò títí di òní. Ó ní ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí ń yan iṣẹ́ ṣe. Èkínní, kí ó mọ ara rẹ̀: ẹ̀bùn rẹ̀, ìwà rẹ̀, àti ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Èkejì, kí ó mọ iṣẹ́: ohun tí ó ń bèèrè, èrè rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó fi làákàyè so méjèèjì pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìdá kan péré nínú mẹ́ta ni ìdánwò lè ràn wá lọ́wọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, àìrántí èyí ni ó fà á.

Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó sọ ìdánwò di ohun ńlá. Láti 1917, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ìdánwò wo àwọn ọmọ ogun tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò fi sí ibi kan àti ẹni tí wọn yóò fi sí ibòmíràn. Wọ́n ṣe ọ̀kan fún àwọn tí ó mọ̀wé, wọ́n sì ṣe òmíràn tí ó jẹ́ àwòrán fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan ń bèèrè nípa àwọn ọjà tí a ń tà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé kò mọ wọ́n, máàkì rẹ̀ sì kéré, àwọn kan sì sọ pé òpè ni. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́, nítorí ó kàn wá.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn tí ń kọ ìtàn ìgbani-nímọ̀ràn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1959. Ní ọdún náà, àwọn Sísítà ìjọ Kátólíìkì tí ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Theresa ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn pe àwọn ènìyàn láti inú oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tí ó wà níta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Paul Schwarz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí ìdánwò ẹ̀bùn ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí wọ́n rí yẹ ní àfiyèsí. Bí wọ́n bá gbé ìdánwò tí a ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò sí nínú orí àwọn ọmọ. Wọn kò rí irú ìwé ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò mọ̀ pé a ń fi àkókò dín in. Àwòrán inú rẹ̀ ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí Schwarz tún àwọn ìdánwò náà ṣe, tí ó ń fi ẹnu ṣàlàyé, tí ó ń fi ọwọ́ júwe, tí ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ wò, ẹ̀bùn wọn hàn síta.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń tẹ̀ síwájú. Ní 1976, àwọn olùgbani-nímọ̀ràn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fi sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ pé kí a yan àwọn agbaninímọ̀ràn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́. Ní ọdún kan náà, C. G. M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí a fi ń mọ irú iṣẹ́ tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ń fà sí, èyí tí a ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí.

Nísinsin yìí, kí ni àwọn ìdánwò wọ̀nyí ń wò? Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n.

Oríṣi kìíní ni ìdánwò ẹ̀bùn. Èyí ń wo ohun tí ó rọrùn fún ọ láti kọ́. Ó lè bi ọ́ pé: bí a bá ká bébà onígun mẹ́rin kan sí méjì, tí a tún ká a sí méjì, tí a wá lu ihò kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀, ihò mélòó ni a ó rí bí a bá tú u? Tàbí: 3, 6, 12, 24, kí ni ó tẹ̀ lé e? Tàbí: bí ọkọ́ ti jẹ́ fún àgbẹ̀, kí ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ? Ìbéèrè bébà ń wo bóyá ojú inú rẹ lè yí nǹkan po. Ti èkejì ń wo òye nọ́ńbà. Ti ẹ̀kẹta ń wo òye ọ̀rọ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó tọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Oríṣi kejì ni ìdánwò ìfẹ́ ọkàn. Kò sí ẹni tí ó lè gbà á tàbí kí ó kùnà nínú èyí. Ó lè bi ọ́ pé: èwo ni ó wù ọ́ jù, kí o tún rédíò tí ó bàjẹ́ ṣe, kí o ka ìtàn fún àwọn ọmọdé, tàbí kí o máa tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́? John Holland, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1959 pé a lè pín àwọn ènìyàn àti iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà. Àwọn kan wà tí inú wọn ń dùn láti fi ọwọ́ mú nǹkan, bí àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì. Àwọn kan fẹ́ràn ìwádìí, bí dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ńsì. Àwọn kan fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, bí agbẹ́gilére àti òǹkọ̀wé. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́, bí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Àwọn kan fẹ́ràn láti ṣíwájú kí wọ́n sì yí ènìyàn lọ́kàn padà, bí oníṣòwò àti olóṣèlú. Àwọn tí ó kù fẹ́ kí ohun gbogbo wà létòlétò, bí akọ̀wé àti oníṣirò owó. Ṣàṣà ni ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀pọ̀ wa ni a ní méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Oríṣi kẹta ni ìdánwò ìwà àti ìṣesí. Ó ń bèèrè bóyá o fẹ́ràn láti wà láàárín èrò tàbí láti dá wà, bóyá ìwọ a máa tètè bínú, bóyá ìwọ a máa parí ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ariwo ń rẹ̀ lọ́kàn lè jìyà bí a bá fi í sí ibi tí èrò ti ń wọ́ wá láti àárọ̀ títí di alẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbẹ̀ kan wà ní Olúpọ̀nnà, tí ó fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ di dókítà. Nítorí èyí ni ó ṣe ń tọ́jú owó iṣu àti ti kòkó láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìdánwò. Máàkì ọmọkùnrin yìí nínú ìbéèrè bébà àti ti ẹ̀rọ ga púpọ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ṣíṣe ìtọ́jú aláìsàn kéré. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó dé ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbínú.

“Olùkọ́,” ni ó wí, “ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọmọ mi kò ní ọpọlọ?”

“Rárá o, bàbá,” ni olùkọ́ náà fèsì. “Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ohun tí ìwé yìí sọ ni pé ojú inú rẹ̀ mú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kò sọ pé kò lè di dókítà, kò sì sọ pé dandan ni kí ó di ẹnjiníà. Ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ náà fúnra rẹ̀.”

Ọmọ náà kọ́kọ́ wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé òun kò tíì bá dókítà sọ̀rọ̀ rí, àfi ìgbà tí òun ṣàìsàn. Pé òun kò sì tíì dé ibi tí àwọn ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wò ó, kò sì rí ohun kan sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń tọ́jú owó sí iṣẹ́ tí òun àti ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìyí: ọmọ náà yóò lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ńsì, nítorí ọ̀nà iṣẹ́ méjèèjì ni ó gba ibẹ̀ kọjá, yóò sì fi àkókò ìsinmi kan lọ wo iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìwó, yóò fi òmíràn ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Bàbá kò pàdánù ohun kan, a kò sì ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ọmọ. Bí a bá lo ìdánwò dáadáa, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó yẹ kí ó bí láàárín òbí, ọmọ àti olùkọ́.

Ní kíláàsì kan náà, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan wà tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n tí máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò ẹ̀rọ kéré jọjọ. Olùkọ́ tí kò bá fara balẹ̀ yóò sọ pé, “Gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀rọ.” Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa yìí bi í pé, “Ǹjẹ́ o ti fi ọwọ́ mú sípánà rí?”

“Rárá, mà,” ni ọmọ náà dáhùn. “Bí ọ̀kadà bàbá mi bá bàjẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n ń pè. Èmi ni wọ́n ń rán lọ pọn omi.”

Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí a ń rán ọmọ yìí ni ìdánwò náà wọ̀n. Kò tíì kan ẹ̀bùn rẹ̀. Bí ó ti rí fún àjèjì tí ó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1917 náà ni ó rí fún un. Ohun tí ènìyàn kò bá pàdé rí, a kò gbọdọ̀ fi àìmọ̀ ọ́n dá a lẹ́jọ́. Ẹ fún un ní sípánà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tó tún un dán wò. Ẹni tí ó bá ka máàkì àkọ́kọ́ sí ìdájọ́ ti lè gba ẹnjiníà kan lọ́wọ́ Olúpọ̀nnà láìmọ̀.

Ìkìlọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn ìdánwò ìwà kan lókìkí ju bí wọ́n ti ṣe é gbára lé lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀, Isabel Briggs Myers, ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 1962, tí ó pín àwọn ènìyàn sí oríṣi 16. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti rí i pé bí a bá tún ènìyàn dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe díẹ̀ ni yóò bọ́ sí oríṣi mìíràn. Àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde gan-an sì sọ pé kò yẹ kí a fi yan ẹni tí a ó gbà síṣẹ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa àwọn ìbéèrè mẹ́wàá tí ó kún orí fóònù, tí wọ́n ń ṣe ìlérí pé àwọn yóò sọ ìpín rẹ fún ọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún? Eré ni ká kà wọ́n sí.

Síbẹ̀, ìwádìí nípa ìwà ti kọ́ wa ní ohun kan tí ó fìdí múlẹ̀. Ní 1991, Murray Barrick àti Michael Mount kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ láti mọ irú ìwà tí ó ń ràn ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbogbo oríṣi iṣẹ́ tí wọ́n wò, ìwà kan ṣoṣo ni ó ń fara hàn níbi gbogbo: ìtẹramọ́ṣẹ́, kí ènìyàn máa ṣe ohun tí ó wí, kí ó sì máa ṣe é ní àṣeparí. Àwọn àgbà wa kò ka ìwé náà kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín méjì, iṣẹ́ yòówù kí ó jẹ́.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí ọ̀dọ́ lo ìdánwò? Èkínní, kí ó dáhùn pẹ̀lú òtítọ́. Ẹni tí ó dáhùn bí bàbá rẹ̀ ti fẹ́ tàbí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dáhùn, ẹlòmíràn ni ó dán wò. Èkejì, kí ó wá ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà láti túmọ̀ èsì rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe gbára lé ẹyọ kan. Kí ó fi máàkì rẹ̀ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àti ohun tí àwọn ará ilé rí lára rẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹrin, kí ó lọ fi ojú rí iṣẹ́, kí ó sì fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì ní ibi iṣẹ́ lè sọ ohun tí ọgọ́rùn-ún ìbéèrè kò lè sọ. Ẹ̀karùn-ún, kí ó bèèrè iye ọdún, iye owó àti irú ìwé ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Níkẹyìn, bí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, kí ó yan ọ̀nà tí yóò fi ilẹ̀kùn púpọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí ẹni ọdún 15 ṣì ń dàgbà, èsì ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ ti òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìdánwò bá sọ pé ẹ̀bùn kan wà lára yín tí ẹ kò mọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ wá ibi tí ẹ ó ti lò ó. Bí ó bá sọ pé ohun kan kò sí lára yín, ẹ bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fún yín láàyè láti kọ́ ọ rí. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ rántí pé ìka kò dọ́gba. Gbogbo alángbá ni ó dánú délẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sún mọ́ wọn, tí ó fara balẹ̀, tí ó sì bèèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, yóò mọ èyí tí inú ń run, yóò sì mọ èyí tí ń múra láti gun igi.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó
Àkọsẹ̀jayé: Ifá tí a ń dá fún ọmọ tuntun láti mọ ìpín rẹ̀.
Ẹwìrì: ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná.
Àkúnlẹ̀yàn: ohun tí orí yan kí a tó wá sí ayé.
Ìtẹramọ́ṣẹ́: àìfi iṣẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi parí.

Ìbéèrè
1. Ọ̀nà wo ni àwọn baba ńlá wa ń gbà mọ iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọ, kí sì ni ó mú kí ọ̀nà náà má tó mọ́?
2. Kí ni ohun mẹ́ta tí Frank Parsons ní kí ẹni tí ń yan iṣẹ́ ṣe?
3. Kí ni Paul Schwarz ṣe tí ẹ̀bùn àwọn ọmọ Nàìjíríà fi hàn síta?
4. Òǹkọ̀wé sọ pé “iṣẹ́ tí a ń rán ọmọ yìí ni ìdánwò náà wọ̀n”. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.
5. Dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ìdánwò ẹ̀bùn nínú àyọkà yìí.
6. Kọ àròkọ kan lórí àkọlé yìí: “Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, àti bí mo ṣe mọ̀ pé ó yẹ mí.”